Táyà Mẹ́rin, Imú Kan

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Igbó Ẹfọ̀n. Òun àti ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó èsúsú tí wọ́n ti ń dá láti ọdún mẹ́ta, wọ́n fẹ́ fi ra mọ́tò tòkúnbọ̀. Benz C300 méjì ni ẹni tó ń ta mọ́tò fi hàn wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ 4MATIC, ìyẹn ni pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń gba agbára lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Èkejì, táyà ẹ̀yìn méjèèjì nìkan ló ń tì í. 4MATIC ló wọ́n jù.

"Ọkùnrin yẹn ní níbi tí a ń gbé yìí, 4MATIC ló yẹ wá, pé omi kò lè dá a dúró. Ìwọ ọmọ mẹkáníìkì, kí lo rí sí i?"

Mo rí nǹkan púpọ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ní ẹ̀ka yìí kò tíì ní owó kẹ̀kẹ́ ológeere, ká má tíì dárúkọ Benz. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa tó ti jáde ń kà wá, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń lọ tó ń bọ̀ ní ọ̀nà Lekki sí Ajah lójoojúmọ́. Àwa náà, wọn ò ní pẹ́ bi wá nílé, torí ẹni tó lọ yunifásítì ni wọ́n máa ń bi ní gbogbo ìbéèrè, ì báà jẹ́ gírámà ló kọ́.

Èyí tó pọ̀ jù nínú mọ́tò kékeré tí ẹ ń rí ní Èkó, Corolla àti Camry àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, táyà iwájú ló ń fà wọ́n. Ìgbà tí èèyàn bá dé ọ̀dọ̀ Benz, BMW tàbí Lexus IS ni wọ́n á bi í pé, ẹ̀yìn ni àbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Táyà ẹ̀yìn kì í ṣe àjèjì sí wa. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, ẹ̀yìn ni. Ìjàpá Volkswagen, ẹ̀yìn ni. Dáńfó àti mólúè, ẹ̀yìn ni. Ẹ̀yìn náà ni àwọn bàbá wa fi la ẹrẹ̀ kọjá, kó tó di pé ẹnikẹ́ni wá sọ fún wọn pé kò ṣeé ṣe.

Ta ló wá nílò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Nígbà tí Audi gbé Quattro jáde níbi ìpàtẹ mọ́tò ní Geneva ní 1980, ilẹ̀ yìnyín ni wọ́n gbé e sí. Títí di òní, ẹni tó ń gbé ìhà àríwá Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, tí yìnyín ń bo títì rẹ̀ fún oṣù mélòó kan lọ́dọọdún, ní ìdí pàtàkì láti rà á. Bí táyà méjì bá ń yọ̀, méjì yòókù á gbé e kúrò lójú kan. Ẹni yẹn á lò ó tán, á tà á, wọ́n á kó o gba orí omi wá sí Èkó, ẹni tó ń tà á níbí á wá sọ pé nítorí àgbàrá ni wọ́n ṣe é.

Ibẹ̀ ni mo ti bá a jà. Lekki wà láàárín ọ̀sà àti òkun, ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀, yanrìn ni wọ́n sì fi kún ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi kì í tètè rí ibi gbà. (Igbó ẹfọ̀n, ẹran ńlá oníwo, ni orúkọ àdúgbò náà. Pẹ̀lú omi tó ń dúró sí gọ́tà, ẹ̀fọn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́ gba orúkọ náà mọ́ ọn lọ́wọ́.) Ní oṣù Keje ọdún 2024, mo wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí òjò ńlá rọ̀. Aládùúgbò wọn kan ní jíìpù tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́. Gbogbo wa dúró sẹ́nu géètì, òun wakọ̀ wọ inú omi tó ti dé òkè táyà. Ó lọ bí ogún mítà, ẹ́ńjìnnì kú. Ó tún un sítáàtì. Èyí ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Èmi ni mo júwe ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Mushin fún un. Nígbà tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì náà, ọ̀pá tó ń gbé písítìnì ti tẹ̀ bí ṣíbí. Afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì ń fà símú, afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún pọ̀. Bí omi bá wọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, písítìnì á gbéra, kò ní ríbi lọ, irin ni yóò tẹ̀. Bàbá mi nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní: "Táyà mẹ́rin ló ní, imú kan ṣoṣo ló ní." Owó tí ọkùnrin yẹn fi ra ẹ́ńjìnnì mìíràn ní Ládípọ̀ kò ṣeé sọ níbí.

Mọ́tò tí táyà ẹ̀yìn ń tì ì bá kú sínú omi yẹn bákan náà, mi ò jiyàn. Ìyàtọ̀ ni pé ẹni tó ni ín kì bá tí gbójú wọ̀ ọ́. Ẹ̀rù tó yẹ kó bà èèyàn ni ẹni tó ń ta mọ́tò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún gbowó lé e. Bíréèkì náà ńkọ́? Gbogbo mọ́tò ló ń fi táyà mẹ́rin dúró. 4MATIC kò fi ìṣísẹ̀ kan yá ju èkejì lọ láti dúró lórí títì tútù.

Ẹ tún wo ìnáwó. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ọ̀pá àti gíà sí i, irin wọn wúwo, wọ́n sì ń mu epo. Lítà epo tí a ń rà lábẹ́ náírà 200 kí owó ìrànwọ́ tó lọ ní oṣù Karùn-ún 2023 ti kọjá 1,000 ní oṣù Kẹwàá 2024. Bí táyà kan bá bẹ́, tí mẹ́ta yòókù ti jẹ púpọ̀, ẹ ò lè fi ẹyọ kan tuntun sí i kẹ́ ẹ sì máa lọ. Ìtóbi wọn kò ní dọ́gba mọ́, gíà àárín ni yóò jìyà rẹ̀. Ta ló ń ra táyà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà ní ìlú yìí?

N kò ní purọ́, ibi kan wà tí 4MATIC ti borí. Òpópónà ẹ̀gbọ́n mi kò ní ọ̀dà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yanrìn rẹ̀ máa ń rọ̀ bíi gààrí. Mọ́tò tí táyà ẹ̀yìn ń tì lè rì síbẹ̀, wọ́n á sì pe àwọn ọmọ àdúgbò láti tì í. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an nínú mọ́tò bàbá mi. Afẹ́fẹ́ táyà ni a dín kù, ó jáde, a sì fẹ́ ẹ padà kí a tó bọ́ sí títì ńlá. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni irú ìyẹn. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ ojoojúmọ́, kí ó ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mi ò ní bá a jà.

Wọ́n tún ń sọ pé ìdí mọ́tò ẹlẹ́yìn máa ń yọ̀ nínú òjò. Òótọ́ ni, bí ẹsẹ̀ awakọ̀ bá wúwo. Ṣùgbọ́n C300 ní ESP, kọ̀ǹpútà tí Mercedes kọ́kọ́ fi sínú mọ́tò ní 1995, tó ń di bíréèkì táyà kan mú kí mọ́tò má bàa yí. Táyà tó ti gbó ni kọ̀ǹpútà náà kò lè ràn lọ́wọ́.

Ìmọ̀ràn tí mo fún ẹ̀gbọ́n mi nìyí: "Ẹ ra ti ẹ̀yìn. Ẹ fi owó tó kù ra táyà mẹ́rin tuntun, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára wọn: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019, ẹ má ṣe gbà á. Bí omi bá bo títì, ẹ jókòó sílé."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkọ òun ti fẹ́ràn àmì 4MATIC tó wà lẹ́yìn mọ́tò yẹn. Mo ní kí wọ́n ra àmì náà ní Ládípọ̀, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ èkejì.

Sátidé tó ń bọ̀ ni a ń lọ wò ó. Bàbá mi ní òun yóò bá wa lọ, òun fẹ́ ṣí kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ìjókòó, kí òun fi tọ́ọ̀ṣì wò ó bóyá omi ti wọ̀ ọ́ rí ní Amẹ́ríkà.