Wárápá Kì Í Ṣe Ẹrù Dókítà Ọpọlọ Nìkan

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: tí wárápá bá gbé ọmọ kan ní Ìsẹ́yìn tàbí Ìkàrẹ́, dókítà tó máa kọ́kọ́ rí i (ìyẹn tí wọ́n bá tiẹ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà) kì í ṣe onímọ̀ nípa ọpọlọ. Dókítà jẹ́nẹ́rà ni, ẹni tó ti ń wo ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru láti àárọ̀. Èrò tèmi ni pé ohun tí dókítà yẹn bá mọ̀, àti bó ṣe sọ ọ́, ló máa pinnu bóyá ọmọ náà á lo oògùn tàbí wọ́n á lọ fi í pamọ́ sínú yàrá.

Ọmọ Yorùbá ni dókítà náà. Ilé tí wọ́n ti ń sọ pé ká má fara kan ìfófó ẹnu oníwárápá lòun náà ti dàgbà, ìwé kíkà ọdún mẹ́fà sì lè má fọ gbogbo ìyẹn dànù. Itọ́ tí ẹni náà ò lè gbé mì ni ìfófó yẹn. Wárápá kì í ràn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ máa ń fi iná mànàmáná kékeré bára wọn sọ̀rọ̀. Tí ọ̀pọ̀ wọn bá pariwo pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ara lè máa gbọ̀n, tàbí kí ojú kàn là sílẹ̀ bọ̀ọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Irú ti ìkẹyìn yìí ni tíṣà máa ń torí ẹ̀ na ọmọ pé kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́. Tí dókítà bá wá sún sẹ́yìn níṣojú ìyá ọmọ, kí ni ká ní kí àwọn ará àdúgbò ṣe?

Ohun tó tún ń ká mi lára ni bí àwọn kan ṣe gbà pé ẹ̀rọ ló máa dá wárápá mọ̀. EEG, ẹ̀rọ tó ń ka iná inú ọpọlọ, lè má rí nǹkan kan lára ẹni tó ní wárápá gan-an, torí pé kò gbé e lásìkò tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbéèrè ló ṣe pàtàkì jù. Ta ló wà níbẹ̀? Kí ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀? Ṣé ó gé ahọ́n jẹ? Ṣé ara rẹ̀ ń gbóná? Torí gìrì tí ara gbígbóná ń fà fún ọmọ kékeré yàtọ̀ sí wárápá. Fídíò tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi fóònù ká náà wúlò gan-an.

WHO ní nǹkan bí 70 nínú 100 ẹni tó ní wárápá ló lè máa gbé láìsí pé ó ń gbé wọn, tí wọ́n bá rí oògùn tó yẹ lò. Phenobarbital, tí wọ́n ti ń lò fún un láti 1912, kì í ṣe oògùn ọ̀wọ́n, dókítà jẹ́nẹ́rà sì lè kọ ọ́. Àmọ́ àlàyé gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e: ẹ má dá a dúró lójijì, kódà tó bá ti pẹ́ tó gbé yín kẹ́yìn. Tó bá jẹ́ valproate ni, kí obìnrin tó ṣì lè lóyún gbọ́ ṣáájú pé ó lè pa ọmọ inú lára. Àìsùn náà máa ń ru wárápá sókè. Wọ́n á wá fi ẹni bẹ́ẹ̀ sí ìṣọ́ òru ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á ní kó gbààwẹ̀, kó má fẹnu kan oògùn! Dókítà tí ò bá béèrè irú ìyẹn, torí pé kò kan òun, á kàn máa fi kún oògùn ni.

Mo mọ̀ pé èrò pọ̀ lórí ìlà. Àmọ́ nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn ń wá wárápá kiri, Ìgbò-Ọrà ni wọ́n lọ, wọ́n sì rí i níbẹ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà mhGAP tí WHO gbé jáde ní 2010 náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe onímọ̀ ọpọlọ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà kí "Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá" jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Tí oògùn bá kọ̀ tí ò ṣiṣẹ́, kí wọ́n gbé e lọ.

Kó tó dìgbà náà, kí dókítà fi Yorùbá sọ fún ìyá ọmọ pé tó bá tún gbé e, kí wọ́n dà á sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí wọ́n má rọ ìtọ̀ màálù sí i lọ́fun, tó bá sì ti lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n sáré gbé e wá. Kò lè gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.