Káàdì máàkì ni kóòṣì àkọ́kọ́

Ẹni tó bá ń sọ fún ọmọ Boni, nílẹ̀ Ṣábẹ, pé eré sísá nìkan tó gbé e dé yunifásítì Amẹ́ríkà, ó ń tàn án ni. Kí ọmọ tó lè díje ní ìpele tó ga jù, Division I, NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì níbẹ̀, ń béèrè ẹ̀kọ́ pàtàkì 16, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìpíndọ́gba máàkì 2.3 nínú 4. Láti kíláàsì tó bá troisième tiwa dọ́gba ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọdún BAC. Àwọn kan á ní ṣe ni wọ́n fi òfin yìí ń dínà mọ́ ọmọ tálákà. Àtakò yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ní 1989, John Thompson, kóòṣì ní yunifásítì Georgetown, kúrò lórí pápá nítorí irú òfin bẹ́ẹ̀, ìgbà tó sì di 2023, NCAA yọ ìdánwò SAT àti ACT kúrò nínú ohun tó ń béèrè. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí olówó ló ń rí owó lẹ́sìnnì ìdánwò wọ̀nyẹn san. Ṣùgbọ́n máàkì ọlọ́dún mẹ́rin kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó lẹ́sìnnì, NCAA fúnra rẹ̀ sì ń sọ pé nínú 100 eléré, àwọn tó ń fi eré ṣiṣẹ́ jẹun lẹ́yìn yunifásítì kò tó 2. Òfin kọ́ ni mo bá wí o, bí kò ṣe àwa tí a kì í sọ ọ́ fún ọmọ kó tó jókòó ṣe BEPC.