Ẹmu Pẹ̀lú Èso Fún Ìgbà Ooru: Inú Omi Ni Ewu Rẹ̀ Wà

Ooru Èkó kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti kógbá sílé, tí oṣù Kejì wọlé tí òjò ò sì tíì yọjú, ọ̀fun gbogbo ènìyàn á máa gbẹ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ní Òkè-Àfá, láti Ẹ́sítéètì Jákàńdè títí dé ọ̀nà Èjìgbò, mẹkáníìkì ń làágùn, télọ̀ ń làágùn, ìyá aláṣọ ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀. Ohun tí gbogbo wọn ń wá kò ju ife ohun tútù kan lọ. Ìyá tó bá mọ nǹkan mímu pò dáadáa, àsìkò rẹ̀ rèé. Bó bá sì jẹ́ òde ìnáwó ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ fún un, orúkọ rẹ̀ á jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni orúkọ ń gbà jáde o: ti rere ń bẹ, ti láburú náà ń bẹ.

Àwọn òyìnbó ní tiwọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, wọ́n a máa da wáìnì funfun pọ̀ mọ́ omi èso, wọ́n á gé èso wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á sì mu ún ní tútù. Sangria ni àwọn ará Sípéènì ń pe irú rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ohun mímu àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ ní pọ́ǹṣì. Àwọn tó ń wádìí ìtàn ọ̀rọ̀ sọ pé ó jọ pé láti Íńdíà ni àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ti mú orúkọ náà wá ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn, àti pé "márùn-ún" ló túmọ̀ sí lédè ibẹ̀, nítorí ohun márùn-ún ni wọ́n fi ń pò ó: ọtí, ohun dídùn, ohun kíkan, ohun olóòórùn àti omi.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ ka ohun márùn-ún yìí lórí ìka. Èwo ni kò sí lọ́jà wa níbẹ̀?

Ọtí funfun tiwa

Kí á tó dé orí wáìnì inú ìgò, ẹmu ń bẹ. Ọtí funfun ni ẹmu, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ìyẹn. Èyí tí wọ́n dá lára ọ̀pẹ ni ẹmu ọ̀pẹ. Èyí tí wọ́n dá lára igi ògùrọ̀, tó máa ń hù ní àbàtà àti létí omi, òun ni ògùrọ̀. Òkìkí ẹmu ti kọjá ilé tipẹ́: nígbà tí ìwé Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, tó pè ní The Palm-Wine Drinkard, jáde nílùú London ní 1952, ọ̀rọ̀ ọ̀mu àti ẹlẹ́mu rẹ̀ ló sọ ọkùnrin náà di ẹni tí ayé mọ̀.

Ẹmu tó dára jù fún iṣẹ́ yìí ni èyí tí wọ́n gbé wá láàárọ̀, tó ṣì ń dùn. Ìwúkàrà tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára agbè ló ń jẹ ṣúgà inú ẹmu, tó ń sọ ọ́ di ọtí. Bí oòrùn ṣe ń gòkè ló ń le sí i. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti ń kan. Tó bá tún pẹ́ sí i, ọtí kíkan pọ́ńbélé ló máa dà. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í pò ó sílẹ̀ di ọ̀la. Wọn kì í sì í dé e pa sínú ìgò kí wọ́n gbé e sínú oòrùn, torí afẹ́fẹ́ tó ń hó jáde nínú rẹ̀ lè fọ́ ìgò mọ́ ènìyàn lójú.

Kí ìyá rà á lọ́wọ́ ẹlẹ́mu tó mọ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á bu omi là á, wọ́n á tún wá fi sákárín sí i kó lè dùn. Ẹmu kò ṣeé sè bí ọbẹ̀ kó ṣì jẹ́ ẹmu. Omi tí wọ́n bá ti bù là á, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn máa mu ún. Ta ló mọ kànga tí wọ́n ti fa omi náà?

Ẹni tí kò bá rí ẹmu tuntun lè lo wáìnì funfun, ti ìgò tàbí ti páálí. Kó ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀: ọ̀pọ̀ wáìnì funfun ní ọtí tó tó ìdá 11 sí 13 nínú 100, ó sì le ju ẹmu àárọ̀ lọ dáadáa. Kó yan èyí tí kò dùn jù, torí ṣúgà ti wà nínú èso fúnra rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń pò ó

Ohun tí yóò tó nǹkan bí ife 20 nìyí. Ògùrọ̀ tuntun, lítà 2. Bó bá jẹ́ wáìnì ni, ìgò 2 pẹ̀lú ìdajì lítà omi tí wọ́n ti sè. Ọ̀pẹ̀-òyìnbó ńlá 1. Ọsàn mímu 10. Ọsàn wẹ́wẹ́ 4. Atalẹ̀ tó gùn tó ìka ọwọ́ 2. Omi tí wọ́n ti sè, tó ti tutù, lítà 1. Ìdajì wọ́tàmẹ́lọ̀n kékeré kan, èyí tí tírélà máa ń kó wá láti Òkè Ọya sí Mile 12 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣúgà kò pọn dandan.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ìyá gún atalẹ̀, kó dà á sínú omi, kó gbé e kaná títí yóò fi hó kùtùkùtù. Kó jẹ́ kó hó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, kó dé e, kó tutù mọ́jú.

Láàárọ̀, ọṣẹ àti omi ni àkọ́kọ́, fún ọwọ́, fún ọ̀bẹ àti fún pátákó ìgé-nǹkan. Kó fọ èso ní odindi kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ọ̀pọ̀ ló máa ń bẹ ọ̀pẹ̀-òyìnbó láìfọ̀ ọ́, wọ́n ní ṣebí èèpo rẹ̀ ni wọ́n máa dànù. Wọ́n gbàgbé pé ìdọ̀tí ara èèpo ni ọ̀bẹ ń kó wọnú ẹran ara èso. Lẹ́yìn ìyẹn, kó gé ìlàjì ọ̀pẹ̀-òyìnbó sí wẹ́wẹ́, kó lọ ìlàjì yòókù kó sì sẹ́ ẹ. Kó fún ọsàn, kó yọ kóró rẹ̀ dànù, kó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Kó fi aṣọ funfun tí wọ́n ti fi omi gbígbóná ṣàn sẹ́ ẹmu.

Omi èso ló kọ́kọ́ ń wọ abọ́, omi atalẹ̀ tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni kó ti tọ́ ọ wò. Tó bá kan jù, kó fi ṣúgà síbí kan kan sí i. Tó bá dùn jù, ọsàn wẹ́wẹ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹmu ló kẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀ ni kó máa dà á, nítorí ìfófòó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kó wá da èso tó gé sí i. Ẹni tó bá ní ewé efinrin tútù lè já ewé bíi mélòó kan, kó fọ̀ ọ́ dáadáa, kó fi sí i. Òórùn rẹ̀ á gba gbogbo òde kan.

Omi àti yìnyín

Nínú ohun márùn-ún yẹn, omi ni kò sẹ́ni tó ń bèèrè ibi tó ti wá. Òun gan-an ló sì ń pa ènìyàn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Kí oṣù náà tó parí, ó lé ní 20 ènìyàn tó bá a lọ. Nígbà tí ìjọba ṣe ìwádìí, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n dárúkọ mọ́ ohun tó tan àrùn náà ká ni ohun mímu ọ̀fìọ̀, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní aya, tí wọ́n rọ sínú ike tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC.

Ọ̀fìọ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ohun aṣaralóore ni. Ẹni tó ń ta á kò sì ní í jí láàárọ̀ kó ní òun fẹ́ pa oníbàárà òun. Àìmọ̀ àti ìkánjú ló ń ṣe é. Inú ìgbẹ́ ẹni tí àrùn náà ń ṣe ni kòkòrò onígbáméjì ti ń bọ́ sínú omi. Lágbègbè bí Òkè-Àfá, tí kánà ńlá là kọjá, kànga tó wà nítòsí ṣáláńgá, tàbí èyí tí àgbàrá ń wọ̀, kò ṣeé fọkàn tán, bó ti wù kí omi rẹ̀ mọ́ lójú tó.

Ẹlòmíràn á ní, "Ìyá, ọtí ṣáà wà ńbẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ wà ńbẹ̀. Kòkòrò wo ló tún máa kù láàyè?" Kí ìyá má gbà á gbọ́ o. Ọtí inú ife pọ́ǹṣì kò lágbára tó ìyẹn.

Yìnyín tún wá ni ọ̀rọ̀ tó burú jù. Ọ̀pọ̀ ló rò pé òtútù ń pa kòkòrò. Kì í pa á. Ó kàn ń jẹ́ kó sùn ni. Bí yìnyín bá yọ́ sínú ife, kòkòrò jí. Yìnyín ńlá tí wọ́n ń fi sin ẹja lọ́jà kò yẹ kó kan ohun tí ènìyàn máa mu. Ọ̀nà àbáyọ kò sì wọ́n. Kí ìyá da pọ́ǹṣì sínú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, kó fi ìderí bò ó láìdì í pa, kó gbé e sínú báàfù ńlá, kó wá to yìnyín yí i ká. Yóò tutù rìn, yìnyín ò sì ní í kan ohun mímu. Bí oníbàárà bá ní àfi kí yìnyín wà nínú ife òun, kí ìyá ra piọ́ọ̀ wọ́tà tó ní nọ́ńbà NAFDAC, kó sọ ọ́ di yìnyín, kó fọ ara ọ̀rá náà kó tó já a.

Ohun tó bá kù lẹ́yìn wákàtí méjì tí kò sí lórí yìnyín, dídànù ló yẹ ẹ́. Ó ń dunni, àmọ́ kò tó bí ẹ̀sùn ikú.

Kí wọ́n má fi ògógóró ràn án lọ́wọ́

Àwọn ọ̀dọ́ òde ìnáwó fẹ́ràn kí nǹkan le. Wọ́n á ní kí ìyá ta ògógóró sí i díẹ̀. Kí ó rántí Òde-Ìrèlè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ó lé ní ènìyàn 10 tó kú níbẹ̀. Orí á fọ́ wọn, ojú wọn á ṣókùnkùn, kó tó di ọjọ́ kejì wọ́n á ti lọ. Àwọn kan ti ń pariwo pé òrìṣà ló ń bínú. Àyẹ̀wò ló wá fi hàn pé mẹ́táńóólù ni, májèlé kan tó jọ ọtí lójú tó sì jọ ọ́ lẹ́nu, tó wọnú ògógóró tí wọ́n mu. Ọtí tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n, kí ó má wọnú abọ́ ẹni tó fẹ́ sùn fọkàn balẹ̀.

Abọ́ méjì ló dára

Gbogbo ènìyàn kọ́ ló ń mu ọtí. Àwọn Mùsùlùmí wà lóde, aláboyún wà, ọmọdé wà, awakọ̀ tó máa gbé èrò padà sílé wà. Kí ìyá pò abọ́ kejì láìní ọtí: omi àgbọn ni kó fi dípò ẹmu, ìyókù kò yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ pupa lè se ìsápá pupa, èyí tí wọ́n fi ń ṣe zobo, kó fi omi rẹ̀ dípò. Ṣùgbọ́n kó kọ ọ́ gàdàgbà sára abọ́ kọ̀ọ̀kan pé èyí ní ọtí, èyí ò ní. Kó sì sọ ọ́ lẹ́nu pẹ̀lú, torí gbogbo ènìyàn kọ́ ló ń kàwé.

Ní ti owó, kí ìyá kó gbogbo owó tó ná pọ̀: ẹmu, èso, gáàsì, ọṣẹ, yìnyín, owó ọkọ̀ ọjà. Kó má fi 20 pín in o; kó fi 18 pín in. Ife kan á dànù, ìyá fúnra rẹ̀ á tọ́ ọ̀kan wò. Lẹ́yìn èyí ni kó tó fi èrè lé e.

Bí inú bá sì ṣèèṣì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ẹnikẹ́ni bí omi, kí wọ́n má dúró de àdúrà nìkan. Ṣúgà síbí ìpotíì 6 àti ìdajì síbí ìpotíì iyọ̀, nínú lítà omi mímọ́ 1, ni kí wọ́n máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Gbígbẹ tí omi ń gbẹ lára ló ń yára pa ènìyàn.

Àwọn àgbà ní ìmọ́tótó borí àrùn mọ́lẹ̀ bí ọyẹ́ ti í borí ooru. Nígbà tí oníbàárà bá dé, ohun tó máa bèèrè ni pé, "Ìyá, ṣé ó tutù?" Kò ní í bèèrè omi tí wọ́n fi pò ó. Ìyá ni kó bá a bèèrè nílé, kó tó gbé kẹ́ẹ̀gì jáde.

Ìyá tó bá ní ọ̀nà mìíràn tó ń gbà pò tirẹ̀, pàápàá ẹni tó ń fi àgbálùmọ̀ tàbí máńgòrò ṣe é, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ewé lẹ́tà, kí àwọn yòókù lè jẹ àǹfààní rẹ̀.