Ẹ Jẹ́ Kí Ìka Ọmọ Mọ Ilé Rẹ̀

Nígbà tí àjọ̀dún bá kò, ìbéèrè tí àwa akẹ́kọ̀ọ́-jáde máa ń bi ara wa ni pé, kí ni a ó fi ta ilé ẹ̀kọ́ wa lọ́rẹ? Ní ayé ìsinsìnyí, ìdáhùn tó máa ń yá ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni kọ̀ǹpútà. Ẹ̀bùn rere ni, n kò sì takò ó. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin òbí pé, bí a bá to kọ̀ǹpútà 40 sínú yàrá kan, tí a kò wá olùkọ́ tí yóò kọ́ ìka àwọn ọmọ ní ibi tó yẹ kí wọ́n máa gbé lórí rẹ̀, ìdajì ẹ̀bùn ni a fún wọn.

Ẹ wo ọmọ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láìgba ẹ̀kọ́ kankan. Ìka kan láti ọwọ́ ọ̀tún, ìka kan láti ọwọ́ òsì, orí rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára bọ́tìnnì; ìgbà tó bá gbé e sókè ni yóò tó rí i pé òun ti ṣi ọ̀rọ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Kì í ṣe pé ọmọ náà ya ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé. Èrò rẹ̀ ń sáré, ọwọ́ rẹ̀ ń wọ́. Kí ọwọ́ tó dé ìparí gbólóhùn, èrò ti fò lọ. Ohun tí a ń pàdánù níbẹ̀ kì í ṣe ìṣẹ́jú nìkan.

Àwọn àgbà àárín wa mọ̀ pé ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí ẹ̀rọ táìpù ṣì wà lóde, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló lọ kọ́ táìpù kí wọ́n lè rí iṣẹ́ akọ̀wé. Àwọn olùkọ́ mìíràn a máa fi aṣọ bo ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí ojú rẹ̀ má baà ran ìka lọ́wọ́ níbi tí ìka ti yẹ kó dá dúró. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, a gbé ẹ̀rọ táìpù jù sí yàrá ẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ jù mọ́ ọn. Ẹ̀rọ ló gbó. Ẹ̀kọ́ kò gbó. Bí a ti to lẹ́tà sórí ẹ̀rọ àtijọ́ náà ni a tò ó sórí kọ̀ǹpútà òní.

Ìlànà náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Ìka kọ̀ọ̀kan ló ní ilé tirẹ̀ ní ìlà àárín. Ọmọńdinrín òsì ń gbé orí A, ìka òrùka orí S, ìka àárín orí D, ìka ìfábẹ̀lá orí F. Ní ọwọ́ ọ̀tún, ìfábẹ̀lá ń gbé orí J, ìka àárín orí K, ìka òrùka orí L, ọmọńdinrín orí bọ́tìnnì tó tẹ̀lé e. Àwọn àtàǹpàkò ló ni bọ́tìnnì gígùn ìsàlẹ̀ tí a fi ń pín ọ̀rọ̀ níyà. Ẹ fi ọwọ́ kan F àti J lára kọ̀ǹpútà yín: ẹ ó rí i pé ohun kékeré kan yọ gọ́ńgọ́ lórí wọn. Àmì ilé ni. Ẹni tó bá wà nínú òkùnkùn yóò ti ara rẹ̀ mọ̀ pé òun ti délé. Láti ibẹ̀ ni ìka ti ń jáde lọ tẹ lẹ́tà òkè tàbí ti ìsàlẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń padà sí.

Ǹjẹ́ òfin tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yẹ̀ ni èyí? Rárá o. Ìlànà ìka mẹ́wàá kò bá ẹ̀rọ náà wáyé. Ní ọdún 1868 ni Christopher Latham Sholes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ táìpù wọn ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1874 ni ilé iṣẹ́ Remington bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, bó ti wu kálukú ló ń tẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 1882, obìnrin olùkọ́ kan ní ìlú Cincinnati, Ìyáàfin Longley, tẹ ìwé jáde tó fi ń kọ́ ènìyàn láti lo gbogbo ìka. Ní ìlú yìí kan náà, ní oṣù keje ọdún 1888, Frank McGurrin, akọ̀wé ilé ẹjọ́ tó ti kọ́ ara rẹ̀ láti tẹ̀wé láìwo bọ́tìnnì, bá Louis Traub figagbága níwájú gbogbo ènìyàn, ó sì borí rẹ̀. Òkìkí ìdíje yẹn wà lára ohun tó sọ títẹ̀wé láìwo ọwọ́ di àṣà. Ẹ kíyè sí i: ọgbọ́n tí ẹnì kan dá fún ara rẹ̀ ló padà di ìlànà fún ayé.

Àwọn ọmọwé ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lákòókò tiwa. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Aalto ní ilẹ̀ Finland ṣọ́ ìka ènìyàn 30 bí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Wọ́n rí i pé àwọn kan tó fúnra wọn kọ́ ọ, tí wọ́n ń lo nǹkan bí ìka mẹ́fà, lè yára bí àwọn tó gba ẹ̀kọ́ ìka mẹ́wàá. Ohun tó ya ẹni tó yára sọ́tọ̀ ni pé ìka kan náà ló máa ń fi tẹ lẹ́tà kan náà, ọwọ́ rẹ̀ kì í rìn gbéregbère, ìka tó kàn sì ti ń múra sílẹ̀ kí èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tó ṣe tán. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí ohun kan tí kò yẹ kí a fò dá: àwọn tí kò gba ẹ̀kọ́ máa ń wo ọwọ́ wọn gan-an ju àwọn tó gbà á lọ. Ojú tó wà lára ọwọ́ kò lè wà lára iṣẹ́.

Nítorí náà, mo gbà pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ya ọ̀nà àbùjá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tó lọ tààrà. Ẹ jẹ́ kí n fi èdè wa ṣe àpẹẹrẹ. Nínú ìlànà tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ṣe, ìfábẹ̀lá òsì ló ni G, òun náà ló sì ni B. Èyí kò dí wọn lọ́wọ́, nítorí G àti B kì í sábà tẹ̀ lé ara wọn nínú èdè wọn. Ṣùgbọ́n kí ni ti àwa tí a ń kọ gbogbo, gbàgbọ́, gbàgbé, ìgbàgbọ́? Ìka kan ṣoṣo ni yóò máa fò láti G sí B ní gbogbo ìgbà, tí ọwọ́ ọ̀tún yóò sì máa wòran. Ẹni tó bá ń kọ Yorùbá púpọ̀ lè pinnu pé ìfábẹ̀lá ọ̀tún ni òun yóò máa fi tẹ B. Ọgbọ́n tó mú ìdí dání nìyẹn. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ó fi ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ lónìí, kí ó fi òsì tẹ̀ ẹ́ lọ́la. Ìyàtọ̀ sì wà láàárín ẹni tó yí ìlànà padà nítorí pé ó mọ̀ ọ́n, àti ẹni tí kò mọ̀ pé ìlànà wà rárá.

Ó kan èdè wa ní ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú. Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà jẹ́ àfikún iṣẹ́ fún ìka. Ọmọ tó ṣì ń fi ìka méjì wá lẹ́tà kiri yóò ju àmì sílẹ̀ kí ẹrù rẹ̀ lè fúyẹ́, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ yóò sì di nǹkan kan náà lójú ìwé rẹ̀. Ètò ìtẹ̀wé Yorùbá tí a lè gbé sórí kọ̀ǹpútà wà, ṣùgbọ́n ìka tó mọ ilé rẹ̀ ló lè tètè kọ́ ibi tí àwọn àmì náà wà.

Mo mọ̀ pé òbí kan yóò sọ pé, “Ọmọ mi ti ṣe ìdánwò JAMB lórí kọ̀ǹpútà, ó sì yege.” A dúpẹ́. Láti ọdún 2015 ni gbogbo ìdánwò náà ti di ti orí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lè fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ṣe é: A, B, C àti D láti mú ìdáhùn, àti mẹ́rin mìíràn láti lọ síwájú, láti padà sẹ́yìn, láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ àti láti yí ìpinnu padà. Yíyege níbẹ̀ kò fi hàn pé ọmọ lè kọ ojú ìwé kan. Ní yunifásítì ni àìmọ̀ rẹ̀ yóò ti hàn, nígbà tí yóò máa gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lọ fún àwọn tó ń tẹ̀wé gbowó, tí yóò máa sanwó lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì tún máa sanwó àtúnṣe. Òbí ló ń san owó náà.

Òmíràn yóò ní àtàǹpàkò méjì ti tó àwọn ọmọ òde òní lórí fóònù. Òótọ́ ni pé wọ́n já fáfá. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2019, tí ó kó ènìyàn 37,000 jọ, fi hàn pé àwọn tó ń fi àtàǹpàkò méjì tẹ fóònù ń kọ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 38 ní ìṣẹ́jú kan. Ìwádìí tó ṣáájú rẹ̀ ní ọdún 2018, èyí tí ènìyàn 168,000 kópa nínú rẹ̀, rí ọ̀rọ̀ 52 lórí kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n àárín. Fóònù dára fún ìkíni àti ìsọfúnni. Ẹni tó fẹ́ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́, ìròyìn ìpàdé tàbí ìwé ìtàn ìlú rẹ̀ nílò ìka tó kù.

Kí ni mo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún? Kí ẹgbẹ́ wa pèsè olùkọ́ kan tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, fún ìṣẹ́jú 20 ní ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ìwà tí ìka bá ti hù fún ọdún mẹ́wàá kì í fi wéré kúrò. Kí àwọn ọmọ fi ìwé Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá dánra wò bákan náà. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ wá ìpéye, kí ó tó béèrè eré sísá. Kí a má sì ṣe fi ẹgba kọ́ ìka. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kéré, tàbí tí ìka rẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́, yẹ kó lè wá ọ̀nà tó bá ara rẹ̀ mu. Ohun mẹ́ta ni kí a fi dán wọn wò: ǹjẹ́ ojú wà lára iṣẹ́? Ǹjẹ́ ìka kan náà ń tẹ lẹ́tà kan náà? Ǹjẹ́ èjìká àti ọrùn-ọwọ́ wà ní ìrọ̀rùn? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí olùkọ́ fi ọmọ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n tirẹ̀.

Bí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún bá ti fẹ́ ra kọ̀ǹpútà 40, mo dábàá pé kí wọ́n ra 30, kí wọ́n fi owó mẹ́wàá tó kù gba olùkọ́ náà. Kọ̀ǹpútà yóò gbó, a ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó bá ti wọ ìka ọmọ yóò bá a lọ sí ibikíbi tí Ọlọ́run bá gbé e dé.