"Tuntun Ń Bọ̀": Ọ̀rọ̀ Tó Ń Ná Ará Ọ̀tà Lówó

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ra ọkọ̀ ní Ṣàngó-Ọ̀tà kò ní pẹ́ gbọ́ ọ: "Má tíì rà á o, tuntun ń bọ̀." Wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́nu géètì iléeṣẹ́ nígbà tí ṣíífù àárọ̀ bá jáde. Wọ́n ń sọ ọ́ níwájú àwọn tòkunbọ̀ tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta. Orí ọkọ̀ asáré ló ti ń le jù, nítorí ẹni tó ń ra Camry ń wá ohun tí yóò gbé e dé ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra ọkọ̀ asáré, ẹ́ńjìnì gan-an ló ń rà. Tí ìròyìn bá ti jáde pé iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ń tún ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣe, gbogbo ojúlùmọ̀ á di olùdámọ̀ràn: ìyẹn yóò lágbára ju èyí lọ, kò ní jẹ epo, yóò sì pẹ́. Ẹni tó bá ra ti ìsinsìnyí, wọ́n á ní ó ti kánjú.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí ti gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn láìfún wọn ní ọkọ̀, ó sì yẹ kí a tú u wò dé ìdí.

Ọkọ̀ kan wà tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere. Lọ́dún 2012, Toyota àti Subaru jọ gbé ọkọ̀ asáré kékeré kan jáde. Toyota pe tirẹ̀ ní 86, Subaru pe tirẹ̀ ní BRZ. Ẹ́ńjìnì lítà 2 ló wà nínú rẹ̀, agbára ẹṣin 200. Kò pẹ́ tí àwọn awakọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé, láàárín ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń yí bí 3,500 sí 4,500 ní ìṣẹ́jú kan, agbára rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀, bí ẹni pé ó ń mí kanlẹ̀ kó tó tún gbéra. Ọ̀pọ̀ pinnu pé àwọn yóò dúró de èyí tí wọn yóò fi tọ́bò sí. Wọ́n dúró. Ọdún 2021 ni ìran kejì tó dé ọjà. Kò ní tọ́bò. Lítà 2.4 ni, agbára ẹṣin 228.

Ohun tó dára níbẹ̀ kò ṣeé fi pamọ́: agbára tó máa ń rẹlẹ̀ láàárín yẹn ti lọ, ọkọ̀ náà sì tètè ń dáhùn. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni àwọn tó dúró fi gba agbára ẹṣin 28, tí ẹni tó há sábẹ́ bíríìjì Ṣàngó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kò tiẹ̀ ní rí lò. Epo tí wọ́n ní kò ní jẹ ńkọ́? Ìwọ̀n tí àjọ EPA ti Amẹ́ríkà gbé jáde fi hàn pé 86 àkọ́kọ́ tó jẹ́ máńúà ń lo nǹkan bí lítà 9.4 fún kìlómítà 100. Ti tuntun ń lo 10.7. Tuntun ló wá ń jẹ epo jù! Bẹ́ẹ̀ sì ni epo bẹntiróòlù, tí lítà rẹ̀ kò tó ₦200 kí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu tó kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦1,000 ní oṣù kẹwàá 2024.

Àwọn tó sáré ra 86 nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé náà rí tiwọn. Ní 2018, wọ́n pe àwọn ọkọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ náà padà nítorí sípíríǹgì fáàfù tó lè ṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnì. Ta ló wá jèrè? Ẹni tó rà á láàárín ni, nígbà tí àléébù ti hàn, tí iléeṣẹ́ ti tún un ṣe, tí àwọn mẹ́kánííkì sì ti mọ ibi tó ń ṣeni. Ibẹ̀ gan-an ni òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹ́ńjìnì tó dára jù láti rà ni èyí tó ti wà lójú títì fún ọdún bíi mélòó kan, tí ìpẹ̀kun rẹ̀ ti ń sún mọ́lé, èyí náà gan-an tí àwọn olùdámọ̀ràn wa ń sọ pé ó ti ń di àtijọ́.

Ẹni tó bá rò pé ti Toyota nìkan nìyẹn, kó wo Porsche, tí orúkọ rẹ̀ ń dún nídìí ọkọ̀ asáré kárí ayé. Ní 2013, wọ́n gbé 911 GT3 tuntun jáde pẹ̀lú ẹ́ńjìnì tuntun. Nígbà tí 2014 ń bẹ̀rẹ̀, méjì nínú wọn gbiná. Iléeṣẹ́ ní kí gbogbo ẹni tó ní in má wà á mọ́: bóòtì tó de kọ́nrọ́ọ̀dù ló ń tú nínú ẹ́ńjìnì. Ọkọ̀ 785 ni gbogbo rẹ̀, gbogbo wọn pátá ni wọ́n sì pààrọ̀ ẹ́ńjìnì fún. Ẹni tó ra tirẹ̀ ní Jámánì, iléeṣẹ́ wá gbé e, ó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní tòkunbọ̀, tó gbé e wá sí Ọ̀tà, ta ni yóò pè? Àpò ara rẹ̀ ni yóò fi pààrọ̀ ẹ́ńjìnì.

Ní 2016, Porsche kan náà yí Boxster àti Cayman padà sí 718. Ó yọ ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́fà tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn, ó fi onísílíńdà mẹ́rin alátọ́bò rọ́pò rẹ̀. Agbára pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ náà mọ̀ lọ. Ìgbà tí 2020 fi máa dé, ó ti dá onísílíńdà mẹ́fà lítà 4 padà sínú èyí tó ń jẹ́ GTS.

Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ asáré Mazda tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń yí bí òbírí, tí kò lo písítìn, ti ń dúró láti 2012 tí wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe RX-8. Nígbà tí ẹ́ńjìnì náà padà dé ní 2023, inú MX-30 ni wọ́n gbé e sí, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa ṣe iná fún bátìrì, bíi jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé.

Wọn yóò ní ọkọ̀ olówó ńlá nìyẹn. Ó dáa, Toyota Tundra ńkọ́? V8 lítà 5.7 tó wà nínú rẹ̀ ti pẹ́, gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n. Ní 2022 ni wọ́n fi V6 oní-tọ́bò méjì rọ́pò rẹ̀. Ní 2024, Toyota pe nǹkan bí ọkọ̀ 102,000 padà ní Amẹ́ríkà nítorí ìdọ̀tí irin tó ṣẹ́kù sínú ẹ́ńjìnì nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Àwọn alátakò ní ẹ̀rí kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn. Camry 2007, èyí tí à ń pè ní Muscle, ẹ́ńjìnì lítà 2.4 rẹ̀ máa ń mu ọ́ìlì. Ríǹgì orí písítìn ló fà á, Toyota sì tún un ṣe fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà tó yá. Ẹni tó dúró di 2010 rí ẹ́ńjìnì lítà 2.5 tó dára jù ú lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ lọ́jọ́ tí ti 2.5 dé pé yóò dára? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọdún tó kọjá lórí rẹ̀ lójú títì ló sọ ọ́ di ẹni iyì, ìgbà yẹn òun náà ti di ti ìsinsìnyí. Honda Accord 2003 gan-an, nígbà tó dé Nàìjíríà, "End of Discussion" ni wọ́n sọ ọ́, pé ọ̀rọ̀ ti parí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni "Evil Spirit" tún dé. Ẹni tó ń dúró de èyí tí kò ní sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀ kò ní ra ọkọ̀ láéláé.

Ìṣirò owó ló wá le jù. Ká ní òṣìṣẹ́ kan ní Ọ̀tà ti rí ọkọ̀ asáré tí owó rẹ̀ jẹ́ $10,000 ní oṣù karùn-ún 2023. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là, dọ́là kan wà ní nǹkan bí ₦760, owó ọkọ̀ náà sì jẹ́ mílíọ̀nù 7.6. Àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù ń fi ₦422.30 ṣírò dọ́là nígbà náà. Owó ibodè 20 nínú ọgọ́rùn-ún àti lẹ́fì 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí tòkunbọ̀ yóò jẹ́ ₦1,478,050, ká tó fi àwọn owó kéékèèké kún un. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ní oṣù kejì 2024, dọ́là ti kọjá ₦1,500, ti Kọ́sítọ́ọ̀mù ti kọjá ₦1,300. Ọkọ̀ yẹn gan-an, pẹ̀lú ẹ́ńjìnì yẹn gan-an, ti kọjá mílíọ̀nù 15, owó ibodè àti lẹ́fì rẹ̀ nìkan sì ti lé ní mílíọ̀nù 4.5. Sùúrù ni baba ìwà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n náírà kò ní sùúrù fún ẹnì kankan.

Ará Ọ̀tà kò sì yẹ kó gbàgbé Ìdírókò. Títì tó gba iwájú Covenant University kọjá lọ sí ẹnubodè yẹn ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ń gbà wọlé láti Kùtọnu tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2017, ìjọba ní kí ọkọ̀ kankan má gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Ní oṣù kẹjọ 2019, wọ́n ti ẹnubodè pátápátá, ó sì di oṣù kẹrin 2022 kí wọ́n tó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí ti Ìdírókò. Àwọn tó ní àwọn ń dúró de tuntun ní 2016, ìlànà ìjọba ló kọ́kọ́ bá wọn kí ẹ́ńjìnì tó dé.

Epo ìlú wa náà ń sọ̀rọ̀. Ní oṣù kejì 2022, epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ọjà, ó sì ba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́ kí wọ́n tó kó o kúrò. Ẹ́ńjìnì tuntun alátọ́bò, tí ọ̀nà epo rẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́, kì í fara da irú ìyà bẹ́ẹ̀ bí ti àtijọ́. Mẹ́kánííkì tó sì ti tú ẹ́ńjìnì kan palẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá yóò gbọ́ ohùn rẹ̀ lásán, yóò mọ ohun tó ń ṣe é. Fún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, yóò máa dán an wò ni, ara ọkọ̀ oníbàárà ni yóò sì ti kọ́ iṣẹ́. Páàtì rẹ̀ kò tíì sí ní ọjà Ládípọ̀ pàápàá.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí owó yín ti pé, ẹ wá èyí tó ti lo ọdún mẹ́ta ó kéré tán lọ́jà, kì í ṣe ti ọdún àkọ́kọ́. Ẹ fi nọ́ńbà ṣáásí rẹ̀ wádìí bóyá wọ́n ti pè é padà rí, àti bóyá wọ́n ti tún un ṣe. Ẹ mú mẹ́kánííkì tó mọ irú ẹ́ńjìnì náà lọ́wọ́, kì í ṣe èyí tó wulẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ yín. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ nígbà tó bá tutù àti nígbà tó bá gbóná, kó sì yọ gééjì ọ́ìlì wò. Tí ó bá ti yege, ẹ sanwó rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.