Rọ́ọ̀dù tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n tún nà

Ilé alájà 21 tó wó n'Íkòyí, l'Ékòó, ní November 1, 2021, pa èèyàn tó lé ní 40. Bílé bá wó báyìí, sìmẹ́ǹtì la kọ́kọ́ ń fura sí. Ẹ̀yin ará Òsì àti Ìlọ́fà tẹ́ ẹ̀ ń kọ́lé, ẹ yẹ rọ́ọ̀dù náà wò o!

Irin ń nà. Ẹ fi ẹrù tọ́ọ̀nù kan kọ́ rọ́ọ̀dù mílímítà 12 tó gùn ní mítà 12, á fi bíi mílímítà 5 gùn sí i. Ẹ sọ ẹrù kalẹ̀, á sún padà bíi rọ́bà. Líle ẹ̀ ni kò jẹ́ kó nà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ tí ìyà bá kọjá agbára ẹ̀, tó bá tẹ̀, kò ní í dá padà mọ́. Ẹni tó fi òòlù lù ú tọ́ kò wò ó sàn. Tẹ̀ ẹ́, nà án, tẹ̀ ẹ́, nà án, ó máa sán ni! Owó rọ́ọ̀dù tuntun ò tówó òkú.