Ẹ Yọ̀ǹda Asẹ́ Spam fún Ẹni Tó Ni Ímeèlì

Sí ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń bójú tó sáfà ímeèlì fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, ilé ìwé àti ìjọ,

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín kò rọrùn. Àwọn oníjìbìtì kì í sùn, ààyè orí sáfà ń kún, oníbàárà á sì máa pè yín lóru pé ímeèlì òun kò ṣí. N kò kọ̀wé yìí láti ní kí ẹ yọ asẹ́ spam kúrò lórí sáfà. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó wà: bí kò bá sí níbẹ̀, dátà tí a fi owó wa rà ni gbogbo pàǹtírí yẹn yóò fi wọlé, sórí kọ̀ǹpútà àti sórí fóònù. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹ dá asẹ́ náà dì mú, ẹ kò jẹ́ kí ẹni tó ni lẹ́tà fọwọ́ kàn án láti ilé rẹ̀, asẹ́ náà sì ń pa lẹ́tà gidi run láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo èyí tó ṣojú mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Oníbàárà kan ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé béèrè ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rí èsì. Ó tún kọ ọ́, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Nígbà tó fi máa rí ẹni bá a wá nọ́ńbà fóònù ẹ̀gbọ́n mi, ó ti ra ẹrù lọ́wọ́ ẹlòmíì. Mo wọ ojú ewé cPanel tí wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi, mo sì bá a pé wọ́n ti tan Auto-Delete, èyí tó ń pa lẹ́tà tí asẹ́ bá pè ní spam rẹ́. Kì í ṣe òun ló tàn án; kò tilẹ̀ mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Bí ilé iṣẹ́ tó ń yá a ní sáfà ṣe gbé e lé e lọ́wọ́ nìyẹn. Mo pa á, mo bẹ oníbàárà náà kó fi lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì bọ́ sínú fọ́dà spam. Inú àwọn ìlà tó máa ń fara pamọ́ sókè ímeèlì ni mo ti rí ìdájọ́ rẹ̀: score=5.3 required=5.0. Lára ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni SUBJ_ALL_CAPS, pé ó fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo àkọlé. MIME_HTML_ONLY, pé HTML nìkan ló fi kọ ọ́. Àti RDNS_NONE, pé àdírẹ́sì sáfà tó gbé e wá kò ní orúkọ. Èwo ni ti olè níbẹ̀? 0.3 péré ló fi ré kọjá ààlà, òwò sì bọ́ mọ́ obìnrin náà lọ́wọ́.

SpamAssassin ni asẹ́ tí cPanel ń lò. Ọdún 2001 ni Justin Mason gbé e jáde, ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ ńlá sì ni. N kò bá a jà. Ìdánwò lórí ìdánwò ló ń ṣe fún lẹ́tà, á máa ro máàkì pọ̀, bó bá pé 5, ó di spam. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ọ́ kò fi mọ síbẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀ka kan sí i tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lára lẹ́tà ẹni fúnra ẹni, èyí tí wọ́n ń pè ní Bayes. Bí lẹ́tà bá jọ èyí tí èèyàn máa ń gbà tọwọ́tẹsẹ̀, BAYES_00 á yọ 1.9 kúrò, bó bá jọ èyí tó máa ń jù nù, BAYES_99 á fi 3.5 kún un. Àdìrẹ, ẹlẹ́kọ, aró, yáàdì: lójú Bayes tí a kọ́ dáadáa, àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ẹ̀rí pé ẹ̀gbọ́n mi ló ni lẹ́tà náà. 1.9 yẹn nìkan ì bá ti fa 5.3 wálẹ̀ sí 3.4.

Bayes kì í sì í lanu títí a ó fi fi ó kéré tán 200 spam àti 200 lẹ́tà gidi kọ́ ọ. Ta ni yóò kọ́ ọ? Òótọ́ ni pé ó lè dá kọ́ ara rẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, èyí tó bá gba 12 sókè tàbí tí kò tó 0.1 nìkan ló ń mú. Lẹ́tà àárín, irú ti oníbàárà Lọ́ńdọ̀nù yìí, kò kọ́ nǹkan kan lára rẹ̀. Ẹ̀yin kì í ka lẹ́tà wa, kò sì yẹ kí ẹ kà á. Àwa tí a ń kà á, ẹ kò fún wa ní bọ́tìnnì tí a ó tẹ̀.

Ẹ ó ní ká máa yẹ fọ́dà spam wò. Lórí kọ̀ǹpútà wo? POP3 lẹ fi so Outlook ọ̀pọ̀ oníbàárà mọ́ sáfà, POP3 kò sì mọ fọ́dà mìíràn ju Inbox lọ. Spam á jókòó sórí sáfà títí ààyè á fi kún, ẹni tó wà nílé kò ní rí ẹyọ kan. Bó bá wá ń lo asẹ́ inú Thunderbird, ohun tí ìyẹn bá kọ́ kì í kúrò nínú kọ̀ǹpútà náà. Ẹ jẹ́ kí iná lọ, kí kọ̀ǹpútà kú; fóònù rẹ̀ á tún máa gba spam kan náà.

Kì í ṣe pé irinṣẹ́ kò sí. Láti oṣù kìíní ọdún 2008 ni ìwé ìlànà RFC 5228 ti ṣàlàyé Sieve, èyí tí ẹni tó ni ímeèlì fi lè pàṣẹ fún sáfà nípa ohun tó máa ṣe sí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù keje 2010, RFC 5804 gbé ManageSieve dé, kéèyàn lè máa tún àṣẹ yẹn ṣe láti orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, gba port 4190. Dovecot, ètò ímeèlì orí sáfà, mọ méjèèjì, ó sì ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí mo bá fi IMAP, ọ̀nà tó ń jẹ́ kí n rí gbogbo fọ́dà orí sáfà, fa lẹ́tà kan jáde kúrò nínú fọ́dà spam, ẹ lè ṣètò rẹ̀ kó gbé e fún Bayes lójú ẹsẹ̀ pé èyí kì í ṣe spam. Bí mo ṣe ń fà á ni asẹ́ ń kọ́ ọ. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, síbẹ̀ ẹ ti port 4190 pa.

Pípa lẹ́tà run ní bòókẹ́lẹ́ ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. RFC 5321, ìlànà tí ímeèlì fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ lé láti 2008, kìlọ̀ pé kò yẹ ká ju lẹ́tà nù láìsọ àfi tó bá dá wa lójú gidigidi pé ẹ̀tàn tàbí ìranù ni. 5.3 kì í ṣe ìdánilójú. Bí ẹ kò bá fẹ́ lẹ́tà kan, ẹ fi èsì 550 kọ̀ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, kí sáfà tó gbé e wá lè sọ fún ẹni tó rán an pé kò dé.

Àwa ọmọ Nàìjíríà ló sì yẹ kí èyí ká lára jù. SpamAssassin ti ní àwọn ìdánwò tí wọ́n pè ní NIGERIAN_BODY rí, nítorí jìbìtì tó gba orúkọ lára apá 419 ìwé òfin ọ̀daràn wa. Àwọn alábòójútó sáfà wà lókè òkun tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo àdírẹ́sì tó bá ti Nàìjíríà wá, a sì ń bínú sí wọn, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. TextCat, ẹ̀ka tó ń dá èdè mọ̀, ní Swahili nínú àtòjọ rẹ̀, kò ní Yorùbá. Bí ẹ bá ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kó máa gbà, lẹ́tà tí ìyá kọ sọ́mọ rẹ̀ lédè Yorùbá wọ inú ewu. Kò dáa ká tún fọwọ́ ara wa ṣe é síra wa.

Ẹ máa ń sọ pé oníbàárà á bà á jẹ́, pé ẹni tó bá yọ lẹ́tà báńkì ayédèrú jáde á pàdánù owó rẹ̀. Ewu yẹn wà. Ẹ kúkú kọ èyí tó gbé kòkòrò àti èyí tó ń díbọ́n bíi báńkì lẹ́nu ọ̀nà. SPF, DKIM àti DMARC wà fún èyí tó ń díbọ́n, ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ bi wá. Lẹ́tà àárín ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kò sí bí ẹ ṣe lè mọ oníbàárà ẹ̀gbọ́n mi jù ú lọ.

Ẹ pa Auto-Delete fún gbogbo èèyàn, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ tàn án fúnra rẹ̀. Ẹ gbé wa kúrò lórí POP3 bọ́ sórí IMAP, ẹ ṣí port 4190, ẹ so fọ́dà spam mọ́ Bayes. Ẹ sì sọ fún oníbàárà tuntun, ní èdè tó yé e, ibi tí lẹ́tà tí asẹ́ mú ń lọ àti iye ọjọ́ tí yóò lò níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi irú ímeèlì yìí ṣòwò, ẹ pe ẹni tó ń bójú tó sáfà yín, kí ẹ bi í bóyá ó ti tan Auto-Delete lé yín lórí.